Kí wọ́n tó fọ́ọ́màtì tablet yín: bí èèyàn ṣe lè rí àyè, kí tablet sì yára sí i

Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ló máa ń hàn lójú tablet nígbà tí ìdààmú bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀: "Storage almost full". Lẹ́yìn ìyẹn, kámẹ́rà á kọ̀, kò ní ya fọ́tò mọ́. WhatsApp á ní òun ò lè gba fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Èèyàn á tẹ áàpù kan, á dúró, á tún tẹ̀ ẹ́, tablet á kàn máa wò ó níran.

Ní Fola Agoro àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ní Ṣómólú àti Bàrígà, tablet kì í ṣe ohun ìṣeré lásán. Àdúgbò àwọn tó ń tẹ̀wé ni Ṣómólú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó tàbí ìwé ètò ìsìnkú, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń júwe fún un. Orí tablet ni àwọn mìíràn nínú wọn ti ń fi iṣẹ́ han oníbàárà kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn aránṣọ ń kó fọ́tò sítáì sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG tó wà ní Akọka nítòsí ń ka ìwé lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò JAMB, tó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015, ń fi ṣe ìdánrawò. Bí tablet bá kún, iṣẹ́ ló ń dúró.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tab yìí, ó ti ń háńgì jù."

"Mọ́mì, ó ti kún ni. A máa fọ́ọ́màtì ẹ̀ ni. Ẹ jókòó díẹ̀, kò ní pẹ́."

Kò sì ní pẹ́ lóòótọ́. Kí ìyá náà tó mu omi tán, tablet á ti yá bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ṣùgbọ́n fọ́tò ọmọ nígbà tó pé ọdún kan ti lọ. Ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà tó wà nínú nóòtì ti lọ. Ohùn bàbá tó ti dolóògbé, èyí tó fi ṣàdúrà ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ lórí WhatsApp, òun náà ti lọ. Kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìyẹn, kódà ní Computer Village n'Íkẹjà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tiẹ̀ yẹ kí ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe sí tablet tó kún, fọ́ọ́màtì ló yẹ kó kẹ́yìn.

Àìsàn méjì tí ojú wọn jọra

Ìṣòro méjì làwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ sí ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni pé kò sí àyè mọ́. Èkejì ni pé tablet ń lọ́ra. Wọ́n lè jọ wáyé, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń wá yàtọ̀ síra.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀bù aránṣọ wò ó. Kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ oníbàárà sí wà níbẹ̀, tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ náà wà níbẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ni ibi ìpamọ́ tablet, ohun tí wọ́n ń pè ní storage: fọ́tò, fídíò, áàpù, ìwé, gbogbo ẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, yálà wọ́n tan tablet tàbí wọ́n pa á. Tábìlì ni RAM: ohun tí tablet ń ṣe lọ́wọ́ nìkan ló máa ń wà lórí ẹ̀, bí wọ́n bá sì ti pa tablet, tábìlì á ṣófo. Aránṣọ tí tábìlì ẹ̀ kéré, bó gbé kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ kan náà ni yóò máa rí gé lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí mẹ́mórì káàdì tuntun kì í fi í mú tablet tí RAM rẹ̀ jẹ́ 1GB tàbí 2GB yára sí i. Kọ́bọ́ọ̀dù nìkan ló fi kún un.

Ibi tí ìṣòro méjèèjì ti pàdé ni ìgbà tí kọ́bọ́ọ̀dù bá kún dé ẹnu. Irú ohun ìpamọ́ tó wà nínú tablet kò lè kọ nǹkan tuntun lé ti àtijọ́ lórí lójú ẹsẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu ojú ibẹ̀ ná, ó sì ń fẹ́ àyè tó ṣófo tí yóò fi máa ṣí nǹkan kiri. Bí kò bá rí àyè yẹn, gbogbo nǹkan á máa fà. Ó dára kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ó kéré tán ṣófo nígbà gbogbo. Lórí tablet 32GB, bíi 3GB nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ 32GB yìí náà máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti ọlọ́jà. Ẹni tó ra tablet 32GB á tan án, á rí i pé àyè tó ṣẹ́ kù kò tó 20GB, á ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ka 1GB sí bílíọ̀nù kan báìtì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń kà á sí 1,073,741,824 báìtì. Nípa ìṣirò kejì yìí, 32GB di nǹkan bíi 29.8GB. Lẹ́yìn náà ni Android fúnra ẹ̀ àti àwọn áàpù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ á gba tiwọn, èyí tó lè tó 10GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló gba àyè náà?

Kí èèyàn tó pa ohunkóhun rẹ́, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó gba ilé. Lórí tablet Android, inú "Settings" ni ìdáhùn wà, níbi tí wọ́n kọ "Storage" sí. Lórí Samsung, ó lè wà lábẹ́ "Device care" tàbí "Battery and device care". Lórí iPad, "Settings", lẹ́yìn náà "General", lẹ́yìn náà "iPad Storage". Ibẹ̀ ni wọ́n á ti to gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: fọ́tò tó báyìí, fídíò tó báyìí, áàpù tó báyìí.

Ohun tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu ni pé ìwé ọmọ kì í sábà jẹ́ olè náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi èyí hàn ní oṣù kẹfà ọdún 2013, nígbà tí Gómìnà Rauf Aregbesola gbé tablet tí wọ́n sọ ní Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ 56 ni wọ́n kó sínú ẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá. Nínú ẹ̀rọ kékeré tó ṣeé fi sí báàgì ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká ní ìwé kan gba 20MB. Ìwé 56 kò ju 1.1GB lọ. Fíìmù kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá pa ìwé ọmọ rẹ́ kó lè ráyè fún fíìmù ti ta ẹran ra eegun.

Àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Èkó náà ti ń lo tablet láti kọ́ni lábẹ́ ètò EKOEXCEL tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020. Ohun tí tablet irú èyí fi sàn ju ti inú ilé lọ ni pé wọ́n ti pinnu iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe kí wọ́n tó pín in. Tablet inú ilé, ìyá ń lò ó, ọmọ ń lò ó, àbúrò tó wá kí wọn láti Ìbàdàn náà dáńlóòdù géèmù mẹ́ta sí i kó tó padà.

Ohun tí kò ṣeé rà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé sá

Apá yìí lọ̀pọ̀ máa ń fò, òun ló sì ń fa ẹkún. Kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilé, kó kó ohun tí kò lè rí rà mọ́ kúrò nílẹ̀. Ìwọ̀nba ni wọ́n: fọ́tò àti fídíò ẹbí, ohùn àwọn èèyàn ẹni, ìwé ẹ̀rí, iṣẹ́ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù. Fíìmù, orin àti géèmù kò sí lára wọn. Ó ṣeé ṣe láti rí ìyẹn lọ́la.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n lè kó wọn sí. Èyí tó yá jù ni kọ̀ǹpútà: kí wọ́n fi okùn ṣájà so tablet mọ́ ọn, kí wọ́n fa ojú tablet wá sísàlẹ̀, kí wọ́n yan "File transfer". Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ra fláàṣì tó ní ẹnu kékeré tó bá ihò ṣájà tablet mu, tàbí kó ra ẹnu OTG tí wọ́n fi ń so fláàṣì tó wà nílé mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni Google. Gbogbo ẹni tó ní Gmail ló ní àyè ọ̀fẹ́ 15GB, ṣùgbọ́n Gmail, Google Drive àti Google Photos ló jọ ń pín in. Títí di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2021, fọ́tò tí Google Photos bá fún pọ̀ kì í sí nínú ìṣirò yẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún náà, gbogbo fọ́tò tuntun ló ń jẹ nínú ẹ̀. Ẹ̀dà ìfipamọ́ WhatsApp lórí Android náà ti wọ inú ìṣirò báyìí. Nítorí náà, kí èèyàn má rò pé ọ̀run ni Google, tí àyè ibẹ̀ kò lópin. Ẹni tí dátà ẹ̀ ò pọ̀ lè fi fídíò sílẹ̀, kó fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́, kó sì dúró de dátà òru.

Fún ohùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n tẹ ohùn náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n yan "Share", kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Drive tàbí sí ìmeèlì ara wọn. Bó bá jẹ́ gbogbo ìjíròrò pẹ̀lú ẹni náà ni wọ́n fẹ́, "Export chat" wà nínú ìjíròrò náà, á kó ọ̀rọ̀ àti àwòrán jáde pọ̀.

Ìwọ̀n aṣọ oníbàárà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé kì í háńgì.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó gbogbo ẹ̀ tán, iṣẹ́ kan ṣẹ́ kù tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún: kí wọ́n ṣí díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó níbi tí wọ́n kó o sí. Fọ́tò tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe fọ́tò. Ìgbà tó bá dá wọn lójú ni kí wọ́n tó máa pa nǹkan rẹ́.

WhatsApp, ọ̀gá àwọn tó ń gba àyè

Lórí ọ̀pọ̀ tablet àti fóònù ládùúgbò, WhatsApp lọ̀gá. Gúrúùpù ìdílé, gúrúùpù ìjọ, gúrúùpù àwọn òbí ọmọ kíláàsì, gúrúùpù aṣọ ẹbí ìgbéyàwó tó ti parí láti ọdún tó kọjá. Àdúrà òwúrọ̀ kan náà á gba ọ̀nà mẹ́rin wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹrin sì ni. Ẹ jẹ́ ká ní fídíò ogún ń wọlé lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5MB. Lójoojúmọ́, 100MB nìyẹn. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti di 3GB, èyí tó pọ̀ ju ìwé Ọpọ́n Ìmọ̀ tí a ṣírò lókè lọ ní ìlọ́po méjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wo ìdajì wọn.

Inú WhatsApp fúnra ẹ̀ ni ìwòsàn wà. Kí wọ́n wọ "Settings", kí wọ́n tẹ "Storage and data", lẹ́yìn náà "Manage storage". Yóò fi ohun tó ju 5MB lọ hàn lọ́tọ̀, á fi àwọn tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri lọ́pọ̀ ìgbà hàn lọ́tọ̀, á sì to àwọn gúrúùpù láti orí èyí tó gba àyè jù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn tó ń kiri. Níbẹ̀ ni yẹ̀yẹ́ àti ìròyìn èké ń gbé, kò sí ẹni tí yóò wá wọn lọ́la. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wọ gúrúùpù tó tóbi jù, kí wọ́n máa yan. Gúrúùpù iṣẹ́ ńkọ́? Kí wọ́n fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀wé tó pa àwòrán tí oníbàárà fi ránṣẹ́ rẹ́ yóò ní láti padà bẹ̀ ẹ́ pé kó tún fi ránṣẹ́.

Ohun tó bá ṣe pàtàkì nínú ìjíròrò, kí wọ́n fi ìràwọ̀ sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ gbogbo ìjíròrò dànù lẹ́yìn náà, WhatsApp á béèrè bóyá kí òun pa àwọn tó ní ìràwọ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ìyẹn. Bí WhatsApp inú tablet bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n so mọ́ fóònù, ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ níbì kan lè pa rẹ́ níbì kejì.

Kí ilé tí wọ́n nù má tún kún lọ́sẹ̀ méjì, kí wọ́n padà sínú "Storage and data", kí wọ́n wo "Media auto-download", kí wọ́n sì yọ àmì tó wà níwájú fọ́tò, fídíò àti ìwé kúrò. Láti ìgbà yẹn lọ, fídíò tí wọ́n bá tẹ̀ nìkan ni yóò wọlé. Dátà náà á pẹ́ sí i.

Àṣírí méjì tún wà nínú fáìlì WhatsApp. Àkọ́kọ́ ni fódà "Sent". Bí èèyàn bá fi fídíò kan ránṣẹ́, WhatsApp lè tọ́jú ẹ̀dà kejì síbẹ̀, kó wá di pé fídíò kan náà ń gbé ibi méjì. Èkejì ni fódà "Databases". Ẹ̀dà ìjíròrò ọjọ́ méje ló lè wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń lo WhatsApp láti ọjọ́ pípẹ́ lè pa àwọn ti àtijọ́ rẹ́, ṣùgbọ́n kó fi èyí tó tuntun jù sílẹ̀. Kó má fọwọ́ kàn án rárá.

Telegram, fọ́tò àti àwọn áàpù

Àwọn tó ń wo fíìmù lórí Telegram ní oríire kan. Ọ̀dọ̀ Telegram fúnra ẹ̀ ni fíìmù náà wà. Ẹ̀dà lásán ni tablet ń tọ́jú. Nínú "Settings", lábẹ́ "Data and Storage", "Storage Usage" wà níbẹ̀, wọ́n sì lè fọ gbogbo ẹ̀dà yẹn dànù láìpàdánù ọ̀rọ̀ kankan. Níbẹ̀ náà ni wọ́n lè ti sọ fún Telegram pé kó máa pa ohun tí wọn ò bá tíì ṣí láàárín ọjọ́ mélòó kan rẹ́ fúnra ẹ̀. Dátà nìkan ni wọ́n á ná bí wọ́n bá tún fẹ́ wò ó.

Google Photos ní ohun kan tó ń jẹ́ "Free up space". Fọ́tò tó ti dé ọ̀dọ̀ Google nìkan ló ń yọ kúrò nínú tablet. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú ni pé wọ́n máa ń fọwọ́ ara wọn pa fọ́tò rẹ́ nínú áàpù Google Photos yìí, wọ́n á rò pé ti tablet nìkan ló lọ. Ibi gbogbo ló ti lọ. Ẹni tó bá ṣi ọwọ́ ṣe é lè rí i nínú "Bin" tàbí "Trash": fọ́tò tó ti wà lọ́dọ̀ Google máa ń wà níbẹ̀ fún 60 ọjọ́, kó tó parẹ́ títí láé.

Ní ti áàpù, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra tó wà nínú "Settings" ti da ilé rú. Ọ̀kan ni "Clear cache". Èkejì ni "Clear data" tàbí "Clear storage". Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń wà. Cache dà bí àjẹkù oúnjẹ tí áàpù gbé sílẹ̀ kó lè yára bù ú nígbà míì. Bí wọ́n bá dà á nù, kò sí ohun tó ṣe é, á tún kó òmíràn jọ. "Clear data" ń sọ áàpù di ọmọ tuntun: ohun tó bá wà nínú ẹ̀ lọ, wọ́n á sì ní kí èèyàn tún forúkọ wọlé. Lórí áàpù báńkì, ìyẹn lè túmọ̀ sí kí èèyàn tún bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀. Lórí WhatsApp tí kò ní ẹ̀dà ìfipamọ́, ẹkún ni.

Áàpù tí ẹnikẹ́ni ò ṣí láti ọdún tó kọjá, kí wọ́n yọ ọ́. Èyí tí ilé iṣẹ́ fi sínú tablet tí kò ṣeé yọ, kí wọ́n tẹ "Disable" fún un. Láti ọdún 2023, Play Store lè ká áàpù tí wọn ò lò kò, kó yọ ara ẹ̀ kúrò ṣùgbọ́n kó fi ohun tí èèyàn ti ṣe nínú ẹ̀ sílẹ̀. iPad ní irú ẹ̀ tó ń jẹ́ "Offload Unused Apps". Fún tablet tí agbára ẹ̀ kéré, àwọn áàpù Lite wúlò. Torí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dán mọ́rán ni Facebook ṣe gbé Facebook Lite jáde lọ́dún 2015.

Mẹ́mórì káàdì, àti èyí tó ń parọ́

Mẹ́mórì káàdì dára fún fọ́tò, fíìmù àti ìwé. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún áàpù, torí pé káàdì sábà máa ń lọ́ra ju ibi ìpamọ́ inú tablet lọ. Ẹni tí kò bá ní ọ̀nà míì ju kó gbé áàpù síbẹ̀, kó wá káàdì tí wọ́n kọ A1 tàbí A2 sí lára. Áàpù ni wọ́n ṣe àmì yẹn fún. iPad kò ní ojú ihò káàdì rárá.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ayédèrú. Wọ́n á kọ 128GB sí ara káàdì tó jẹ́ 8GB nínú, wọ́n á sì tún un ṣe débi pé tablet fúnra ẹ̀ á ka 128GB. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí yóò fi kún. Láti ìgbà náà lọ, fáìlì tuntun kò ní dúró, tàbí kó máa jẹ ti àtijọ́, fọ́tò á wà níbẹ̀ ní orúkọ ṣùgbọ́n kò ní ṣí. Ẹni tó bá ra káàdì lè dán an wò lórí kọ̀ǹpútà Windows pẹ̀lú áàpù ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw, tó máa ń kọ nǹkan kún káàdì títí dé ìparí, kó tún kà á padà. Ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ó sàn kí wọ́n fi wákàtí yẹn ṣòfò ju kí wọ́n kó fọ́tò ìgbéyàwó sí i lọ.

Bí tablet ṣe lè yára sí i

Lẹ́yìn tí àyè bá ti ṣófo, ìyàtọ̀ á ti wà. Ohun tó tún kù kò pọ̀. Kí wọ́n máa pa tablet, kí wọ́n sì tún un tàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ tablet wà tí wọn ò pa láti oṣù mẹ́ta. Àwòrán ojú tablet tó ń rìn, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi fọ́tò lásán síbẹ̀. Àwọn àpótí kékeré ojú ọjọ́ àti ìròyìn tó ń yí padà lójú tablet náà ń jẹ RAM.

Àṣà kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń ran tablet lọ́wọ́: kí wọ́n máa fi ìka gbá gbogbo áàpù dànù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Android fúnra ẹ̀ ló mọ ìgbà tó yẹ kó kó nǹkan kúrò lórí tábìlì. Bí wọ́n bá gbá WhatsApp dànù tí wọ́n sì tún ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, iṣẹ́ tuntun ni wọ́n fún tablet, bátìrì ló sì ń san owó ẹ̀. Áàpù kan tó bá dákẹ́ sójú kan ni kí wọ́n gbá dànù.

Kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn áàpù tó ń pariwo pé àwọn máa fọ tablet mọ́, pé àwọn máa mú un yára ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìpolówó ọjà ni wọ́n ń ta. Wọ́n ń gba àyè, wọ́n ń jẹ RAM, wọ́n tún ń fi ẹ̀rù ba èèyàn pé kòkòrò ti wọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ lè lo Files by Google, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì máa ń tọ́ka sí ẹ̀dà fọ́tò tó jọra àti fáìlì ńlá.

Ooru náà wà níbẹ̀. Tablet tó bá gbóná yóò mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ iṣẹ́ kó má bàa jó ara ẹ̀. Ọmọ tó ń ta géèmù lórí ibùsùn, tí wọ́n sì ń fi iná jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì tablet náà lọ́wọ́, ni yóò kọ́kọ́ sọ pé tablet ń háńgì. Kí wọ́n gbé e kúrò lórí tìmùtìmù, kí wọ́n ṣáàjì ẹ̀ tán kí wọ́n tó lò ó. Bí ẹ̀yìn tablet bá ti ń wú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àyè: bátìrì ti bàjẹ́, ó sì lè gbiná. Kí wọ́n má ṣáàjì ẹ̀ mọ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́.

Bó bá wá di fọ́ọ́màtì dandan

Ìgbà míì wà tí kò sí ọ̀nà míì: tablet ń pa ara ẹ̀, tó sì ń tan ara ẹ̀, tàbí ìpolówó ọjà ń hàn lójú ẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ṣí áàpù kankan. Kí wọ́n tó gbà kí ẹnjiníà tẹ "Factory reset", kí wọ́n yọ SIM àti mẹ́mórì káàdì sápò. Kí wọ́n rí i dájú pé ẹ̀dà ìfipamọ́ WhatsApp ti dé Google lọ́jọ́ náà gan-an. Nínú WhatsApp, lábẹ́ "Chats" àti "Chat backup", wọ́n á rí ọjọ́ àti àkókò tó lọ kẹ́yìn.

Ohun kejì ni Gmail. Láti ìgbà Android 5.1, tablet tí wọ́n bá fọ́ọ́màtì láti ìta, láìwọ inú "Settings", máa ń béèrè ìmeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọ àbúrò ẹ̀ ló bá a ṣí Gmail lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, tí kò mọ pásíwọ́ọ̀dù, ni tablet á tì mọ́ ìta. Kí wọ́n dán pásíwọ́ọ̀dù náà wò lórí fóònù míì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ta tablet náà, kó kọ́kọ́ yọ Gmail rẹ̀ kúrò nínú "Accounts", kó wá fọ́ọ́màtì láti inú "Settings". Bó ṣe ṣe èyí, ẹni tó rà á kò ní bá ìdènà pàdé, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí fọ́tò ẹbí ẹlòmíì.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ta á, kí wọ́n wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ẹ̀ rà. Àwọn èèyàn máa ń fi ará Ṣómólú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tablet: ẹnì kan á ta Samsung àtijọ́ tó kàn kún lásán, á lọ fi owó gọbọi ra tablet tuntun tí kò lórúkọ, tí wọ́n kọ 8GB RAM àti 256GB sí ara páálí rẹ̀. Nínú "Settings" gan-an, irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣeé parọ́. Kí wọ́n gbé fláàṣì tó ní fíìmù ńlá márùn-ún tàbí mẹ́fà dání lọ sọ́jà, kí wọ́n kó wọn sínú tablet níwájú ọlọ́jà, kí wọ́n ṣí èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n sì ṣí áàpù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó sanwó. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.